Géèmù tí mo bú kí Màámi tó là mí lóye

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ yín.

Ẹ rántí pé mo kọ ọ́ síbí pé géèmù òde òní ò ní ìtàn mọ́. Mo ní iná àti ariwo lásán ni, pé téèyàn bá ti gbá a tán lẹ́ẹ̀kan, kò tún sóhun tó fẹ́ padà lọ ṣe níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín gbè mí lẹ́yìn. Orí mi wú, àbí kí ni ò ní jẹ́ kó wú?

Géèmù tó bí mi nínú yẹn, ọwọ́ ẹni tó ń kó ọjà wá láti Kútọnu ni mo ti rà á. Àwa ará Ìlaró, ẹ kúkú mọ̀ wá, bí nǹkan bá ti gba ẹnubodè wọlé, a ti gbà pé ojúlówó ni. Mi ò yẹ ẹ̀yìn páálí rẹ̀ wò. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé Faransé ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Mo wá ibi tí mo ti lè yí èdè rẹ̀ padà, mi ò rí i. Mo ní kò burú, ṣé ẹnu ni wọ́n fi ń jagun ni?

Ó rẹwà, kí n má purọ́! Obìnrin jagunjagun kan ń wá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kiri inú ìlú tó jóná. Eérú ń já bọ́ láti òkè, ẹ máa rí èémí ẹṣin rẹ̀ nínú òtútù. Àmọ́ bí wọ́n bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, màá tẹ bọ́tìnnì, màá fò ó. Bí ìdáhùn méjì bá jáde pé kí n mú ọ̀kan, ti òkè ni mò ń tẹ̀. Àbúrò tí à ń wá, a rí i láàárín, ó tún pòórá, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí géèmù fi parí. Mo ní àwọn tó ṣe é ti gbàgbé ọmọ ọlọ́mọ sọ́nà. Inú bí mi, mo ní màá ta ẹ̀rọ géèmù náà. Ọkùnrin kan láti Igbógìlà ní òun á wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé.

Lọ́jọ́bọ̀, mo ní kí n fi ìgbá kan dágbére fún un. Màámi jókòó lẹ́yìn mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé: ọjọ́ pípẹ́ ni Màámi fi ta aṣọ láàárín Tube, ìlú kan létí ẹnubodè, àti òdìkejì rẹ̀. Láti ìgbà tí orúnkún ti dá wọn dúró, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá ti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni dé, wọ́n á ní “o kú iṣẹ́”, ó parí nìyẹn. Ó ń dùn mí gan-an, mi ò sì mọ ohun tí mo lè ṣe sí i.

Mo fo ọ̀rọ̀ kan, ni Màámi bá ní, “Kí ló dé tó ò dá ọmọ yẹn lóhùn?”

Mo ní ọmọ wo.

“Èyí tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó o má fi òun sílẹ̀ yẹn. O sì fi í sílẹ̀ lóòótọ́.”

Mo ti gbàgbé pé Màámi gbọ́ Faransé láti ìgbà tí wọ́n ti ń tajà lódìkejì ẹnubodè. Àṣé ìdáhùn òkè tí mò ń tẹ̀ yẹn ni mo fi lé ọmọ náà lọ. Ìtàn wà níbẹ̀, èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

A tún un bẹ̀rẹ̀. Màámi ń túmọ̀, mò ń tẹ̀. Nígbà tí a dé bodè ìlú, níbi tí mo ti bá ẹ̀ṣọ́ jà títí tí àtàǹpàkò fi ń ro mí, Màámi ní kí n fi idà pamọ́. Wọ́n ní ta ló ń bá oníbodè jà? Wọ́n ní kí n kí i, kí n béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, kí n tó sọ pé mo fẹ́ kọjá. Ìdáhùn ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ṣọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ṣílẹ̀kùn, ó tún júwe ibi tí àbúrò wa wà fún wa. Ìjà tí mo rò pé òun gan-an ni géèmù náà, kò pọn dandan rárá! Mo júbà àwọn tó ronú irú nǹkan báyìí, tí wọ́n sì tún fi gbogbo ẹwà yẹn wọ̀ ọ́ láṣọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ náà délé. Ó sọ̀rọ̀ kan, Màámi ò túmọ̀ rẹ̀. Mo yíjú padà, omi ló wà lójú wọn.

“Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹnì kankan ṣì ń wá òun.”

Èmi náà sunkún. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Tube fún mi, oníbodè wo ló le, èwo ló máa ń bi wọ́n léèrè mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mi ò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí ọkùnrin ará Igbógìlà dé, Màámi ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, a ò tà á mọ́.

Géèmù tó jẹ́ ariwo lásán wà o, mi ò sọ pé kò sí. Àmọ́ kí n tó tún sọ pé nǹkan ò ní ìtàn nínú, màá kọ́kọ́ bi ara mi bóyá mo fetí sí i. Ẹ̀yin ńkọ́? Èwo lẹ ti bú kó tó yé yín? Ta ló sì jókòó tì yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Bí mi ò bá tètè fèsì, ẹ má bínú, Màámi ń pè mí.