Ọjọ́ tí Ìgbànú Ṣi Ọwọ́ Abẹ́rẹ́ Mú

Ẹni tó bá ní òun ti rí obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, kó dúró ná, kó kọ́kọ́ gbọ́ ti télọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Abẹ́rẹ́. Obìnrin yìí lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń sáré lójú ọ̀nà oníhò. Wọ́n tilẹ̀ ní ó ti dijú ṣe é rí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Òjòlá kan ló ń sìn nínú àpótí onígíláàsì lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ìgbànú ló sọ ọ́. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Nígbà tí ìtàn yìí kọ́kọ́ jáde, márùn-ún ni. Ejò a máa dàgbà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, káfíńtà, ló nilé. Òun ló kan àpótí náà, òun náà ló sì ṣòfin: "Ọjọ́ tí ejò yìí bá bu èèyàn jẹ, ọjọ́ náà ló ń kúrò nílé mi." Abẹ́rẹ́ gbà. Àtìgbà tí Ìgbànú kò ju ìka ọwọ́ lọ ló ti ń tọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ òun, àdá ni yóò fi kí i káàbọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú òkú eku kúrò nínú fíríìjì, ó rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí yìnyín ara rẹ̀ lè yọ́. Kó tó fọwọ́, ìyá ìyàwó kan wọlé, ó ní kó wọn ìdí òun.

"Màmá, tépù kì í purọ́."

"Tépù tìrẹ ló sunkì."

Ìdí yẹn gbà wọ́n tó ìdajì wákàtí. Nígbà tí màmá lọ, Abẹ́rẹ́ ti gbàgbé ọwọ́ tó ń rùn bí eku. Ó ti ọwọ́ náà bọ inú àpótí láti pààrọ̀ omi ejò. Oúnjẹ ni Ìgbànú gbóòórùn. Fàì, ó ti gbé ọwọ́ hán, ó sì wé mọ́ apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀gbọ́n sáré wọlé tòun ti òòlù.

"Ẹ gbé òòlù sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wá bá mi tú u."

"Èmi? Kí n fọwọ́ kan kinní yìí?"

"Eyín rẹ̀ kọ sẹ́yìn. Bí mo bá fà á, yóò ya mí lẹ́ran. Ìrù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òwú tó bá lọ́, ṣebí ìparí rẹ̀ la máa ń wá."

Ọkùnrin tí aáyán ń lé gun orí tábìlì di ìrù òjòlá mú. Ó ń tú u, ó ń làágùn, ó ń gba àdúrà tí kò mọ ìdajì rẹ̀. Abẹ́rẹ́ jókòó jẹ́ẹ́.

"Díẹ̀díẹ̀. Ẹ ń ṣe é dáadáa."

Nígbà tó tú u tán, Abẹ́rẹ́ rọra da omi tútù sí i lẹ́nu. Ìgbànú lanu, ó sún sẹ́yìn bí àlejò tó ṣi ilé wọ̀.

Abẹ́rẹ́ fọ ojú egbò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin. Ohùn rẹ̀ ló gbọ̀n. "Òfin yín ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n mi?"

Ẹ̀gbọ́n wo ejò, ó wo àbúrò rẹ̀.

"Èèyàn ni mo wí. Eku lòun rò pé òun bù jẹ. Ìwọ lo tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ."

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo oníbàárà tó wá wo àga nísọ̀ Ẹ̀gbọ́n ló fà wá sílé. "Ẹ wá wo àbúrò mi. Kò ké o. Kò ní 'yé'."

Abẹ́rẹ́ kò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bèèrè, ó ti ká apá aṣọ sókè.