Eegun Kékeré Ọwọ́ Fàósátù

Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ní télọ̀ kì í sọ òótọ́, Fàósátù kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ránṣọ ní Mushin, kò sì sí oníbàárà kan tó wọ ògbólógbòó aṣọ lọ sí yídì nítorí tirẹ̀. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn. Òun náà ló kó bá a.

Òjò ló rọ̀ tí pákó orí gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi ń yọ̀. Fàósátù ṣubú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún gúnlẹ̀. Ní ọsibítù, ẹ́síréè fi hàn pé eegun kékeré kan, tí kò ju hóró kajú lọ, ti kán ní ọrùn-ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n fi pí-ó-pí di ọwọ́ náà le gbagidi, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Oṣù mẹ́ta kẹ̀! Ìléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ àwọn èèyàn kún ilẹ̀ bámúbámú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta tí ọwọ́ kò dùn ún mọ́, ó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó fọwọ́ òsì mú àlùmọ́gàjí, ó sì gé pí-ó-pí náà sọnù. Gbogbo oníbàárà ló gbaṣọ lásìkò, wọ́n ń kan sáárá sí i.

Kò pẹ́ tí ìrora fi padà. Ó fi róòbù ra á, ó fomi gbígbóná jó o, fún odindi ọdún méjì. Nígbà tí kò lè gé aṣọ tó bá nípọn mọ́, Ṣàfíù ọkọ rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ Dókítà Adéníran, tó ń ṣiṣẹ́ abẹ eegun.

"Mà, ta ló tú pí-ó-pí yẹn?" ni dókítà bi í nígbà tó gbọ́ ìtàn ọwọ́ náà.

"Èmi ni."

Dókítà kò bá a wí. Ì bá sàn kó bá a wí. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibi eegun yẹn, eegun náà kò sì tíì so pọ̀ látọjọ́ yìí. Ó ní òun máa gé eegun díẹ̀ níbi ìbàdí rẹ̀, òun á fi dí àlàfo ibi tó kán náà, bóyá á so.

"Ẹ fẹ́ fi ìrépé lẹ̀ ẹ́ ni," Fàósátù wí, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn yé mi."

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó gbọ́ràn bí ọmọ ilé kéú. Ìléyá dé, ó fẹnu ara rẹ̀ darí àwọn oníbàárà sọ́dọ̀ àwọn télọ̀ mìíràn. Ṣàfíù ló ń bá a bomi àlùwàlá, òun ló ń bá a so híjáàbù. Ìbàdí tí wọ́n gé ń ro ó kíkankíkan, ó ń tiro, ó ń bẹ Ọlọ́run.

Lóṣù kẹrin, dókítà gbé ẹ́síréè tuntun sójú fèrèsé, ó wò ó pẹ́.

"Kò so, mà. Ẹ má bínú. Apá kan eegun yẹn ti kú." Ó ní ohun tó kù ni kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ de ọrùn-ọwọ́ náà pa, kí àwọn eegun rẹ̀ lè di ọ̀kan. Ìrora á dúró, àmọ́ ọrùn-ọwọ́ náà kò ní tẹ̀ mọ́ láéláé.

"Ṣé màá lè géṣọ bíi tẹ́lẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Ìyá Munirah, gbà fún wọn," ni Ṣàfíù wí. "O ò sùn dáadáa mọ́."

"Bàbá Munirah, ẹ jẹ́ kó máa dùn mí. Bó bá ṣì ń dùn mí, ọwọ́ mi ṣì ni." Ó bú sẹ́kún níwájú àwọn méjèèjì.

Nígbà tó fẹ́ dìde, ó gbàgbé, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti àga. Ìrora náà wọ̀ ọ́ dé ọkàn. Ó pa ẹnu mọ́, kí wọ́n má baà tún máa bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà.