Àbá Ìsinmi Ló Ń Ṣáájú

Ọjọ́ tí ejò wọ gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni gbogbo ayé mọ Alága sí. Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ ni. Nínú eré ìpàdé ayé tí wọ́n ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ogójì ti jókòó gẹ́gẹ́ bí aṣojú orílẹ̀-èdè ogójì, kálukú pẹ̀lú káàdì orúkọ ilẹ̀ rẹ̀ níwájú. Ilẹ̀ yìnyín àti ilẹ̀ aṣálẹ̀ jọ ń jẹ gúgúrú lábẹ́ tábìlì. Ọ̀rọ̀ omi mímu ni wọ́n ń sọ. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, oorun sì ti ń gbé ìdajì ayé lọ, ni ọmọ tó ń ṣojú ilẹ̀ olókè bá fò sórí àga, ó ní, “Ejò!”

Alága, olùkọ́ tó ń darí eré náà, lu òòlù onígi rẹ̀ mọ́ tábìlì. “Aṣojú ilẹ̀ olókè, ẹ ò tíì gba àyè ọ̀rọ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ejò ni. Ó wà nísàlẹ̀ ibí.”

“Ejò ò sí lórí ìwé ètò tòní. Bí ẹ bá fẹ́ ká yà sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ dá àbá.”

Ọmọ náà dá àbá lórí àga pé kí ìpàdé sinmi nítorí ejò. Alága bèèrè bóyá a rí ẹni tì í lẹ́yìn. Gbogbo orílẹ̀-èdè dáhùn pa pọ̀ láti orí tábìlì. Alága ní ariwo kì í ṣe ìbò, ó ní kí wọ́n na káàdì sókè kí òun kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kà á dé mẹ́tàdínlógún, ni Baba Ọlọ́gbà, tó ń gé koríko ilé-ìwé, gbọ́ ariwo, ó wọlé pẹ̀lú àdá, ó sì pa ejò.

Alága wo ejò, ó wo àdá. “Ta ló fún yín láṣẹ?”

“Ejò náà ni,” Baba Ọlọ́gbà dáhùn. “Ojú mi ló ń wò.”

Kíkà ìbò náà kò dúró o. Ilẹ̀ méjìdínlógójì fẹ́ ìsinmi. Ilẹ̀ kan ò fẹ́, ó ní òun ò fojú ara òun rí ejò. Ti ìkẹyìn, ẹ lè kà á nínú ìwé àkọsílẹ̀ títí di òní, pẹ̀lú ọwọ́ Alága fúnra rẹ̀: “Ilẹ̀ aṣálẹ̀ kò sí níjókòó. Fèrèsé ló gbà jáde.”

Wọ́n fún Baba Ọlọ́gbà ní àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí olùwòran, ẹni tó lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí kò lè dìbò. Ẹ̀fẹ̀ ni Alága pè é, àbí òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó mọ̀. Baba Ọlọ́gbà kò pa Jímọ́ọ̀ kan jẹ lẹ́yìn ìyẹn. Á fọ ẹsẹ̀, á gbé àdá rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á wá jókòó ti ayé.

Ẹni tí kò bá mọ Alága á ní orí rẹ̀ ò pé. Olùkọ́ jọ́gíráfì lásán ni. Kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òkèèrè kankan, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Ó rí ìwé pẹlẹbẹ kan nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ìwé ìlànà bí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ṣe ń jíròrò, ó sì kà á títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Nínú ìwé yẹn, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á kọ orúkọ sílẹ̀, á sì dúró de àyè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń yọ orúkọ ẹlòmíràn kúrò. Ẹnikẹ́ni kì í sì sọ pé “mo”, nítorí kì í ṣe ẹnu ara rẹ lo fi ń sọ̀rọ̀. “Aṣojú yìí” ni wàá pe ara rẹ.

Ọ̀rọ̀ “mo” rọrùn láti fi sílẹ̀. “Wọ́n” ló dá wàhálà sílẹ̀. Àríyànjiyàn ààlà ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ olódò àti aládùúgbò rẹ̀ ò gbọ́ ara wọn yé. Ọmọ tó ń ṣojú ilẹ̀ olódò jókòó sítòsí ilẹ̀kùn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Bó ṣe rí ọ̀gá ilé-ìwé, Màdáámù, tó ń yọ́ bọ̀ láti wá wo ohun tí wọ́n ń ṣe, ó dìde, ó sì kéde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Wọ́n ti wọlé o.”

“Wọ́n ti wọ ibo?” ni ilẹ̀ tó bá a ṣọ̀rẹ́ bèèrè.

“Wọ́n ti wọlé. Wọ́n tiẹ̀ ti ń bọ̀ níbí.”

Kí Màdáámù tó rìn dé iwájú, ilẹ̀ mẹ́ta ti já àjọṣe, ilẹ̀ kan ti tilẹ̀kùn èbúté, wọ́n sì ti ń dìbò lórí bóyá kí àwọn ọmọ ogun ayé gbéra. Alága fi òòlù dá ayé lẹ́kun. Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí ọ̀rọ̀ lè gbà tùbà tùṣẹ. “Màdáámù, ẹ má bínú. Ẹ fà sẹ́yìn dé ààlà.” Màdáámù fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà lóòótọ́, níwájú àwọn ọmọ tó ń pàtẹ́wọ́. Àlàáfíà dé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ ni ọ̀rọ̀ eré yẹn ò ti dùn mọ́ Màdáámù nínú mọ́.

Bí Alága ṣe wà níbi iṣẹ́ náà ló wà nílé. Ìyàwó rẹ̀ aránṣọ máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà, ọwọ́ á wà lórí máṣíìnì. Alága á tọ́ ọbẹ̀ wò, á ní, “Aṣojú yìí ò rí iyọ̀.” Ìyàwó á ní, “Aṣojú náà ò tíì gbàgbé ọ̀nà ilé ìdáná.” Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ le láàárín wọn, obìnrin náà ká ọwọ́ lérí, ó ní, “Ó tó. Ó parí láàárín èmi pẹ̀lú rẹ.” Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

“Àbá ìparí nìyẹn,” ó ní. “Aṣojú yìí dá àbá ìsinmi. Nínú ìlànà, àbá ìsinmi ló ń ṣáájú àbá ìparí.”

Obìnrin náà padà sídìí máṣíìnì, ọkùnrin náà gbé omi tíì kaná. Nígbà tí omi fi máa hó, kò sẹ́ni tó rántí ohun tó fa ìjà mọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi sinmi báyẹn.

Ẹni tó mọ gbogbo ìtàn wọ̀nyí jù ni ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n Alága, tí gbogbo ilé ń pè ní Erékùṣù. Alága ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tó ṣojú erékùṣù kékeré kan tí òkun ń jẹ létí. Ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ìwé, ó há a sórí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí Alága pè é, ó dìde, ó rí ojú gbogbo ayé tó ń wò ó, gbogbo ohun tó há sórí fò lọ. Ó jókòó padà, ó sì fi káàdì rẹ̀ bo ojú.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alága ò gbà á fún wọn. “Aṣojú erékùṣù ò tíì ṣetán,” ó ní. “Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé.” Nígbà tí wọ́n jọ ń rìn lọ sílé, ó ní, “Erékùṣù, àbá ní í di òótọ́, ojo ni kì í jẹ́ ká dá a.”

“Ojo ni mí, Bọ̀ọ̀dá.”

“Jẹ́ ká sinmi lórí ìyẹn ná,” ni Alága fèsì.

Erékùṣù dàgbà, ó di olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé kan náà. Ìṣirò ló bá a lára mu, torí ẹni tó ń kọ ọ́ sójú pátákó lè kọ ẹ̀yìn sí ènìyàn. Nínú ìpàdé olùkọ́, àga ẹ̀yìn ni tirẹ̀. Kò padà síbi eré náà mọ́. Jímọ́ọ̀-Jímọ́ọ̀ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn kọjá, á gbọ́ òòlù, á sì yára ẹsẹ̀.

Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ kan ni Alága kú. Ó ní kí ìpàdé sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lọ jókòó ní yàrá àwọn olùkọ́, ó gbé orí ti ògiri, kò sì dìde mọ́. Àwọn ọmọ ò mọ̀. Ogójì orílẹ̀-èdè jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń retí rẹ̀ títí aago ìlọsílé fi lù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Màdáámù pe ìpàdé olùkọ́ sí gbọ̀ngàn náà gan-an. Gbogbo wọn mọ ohun tó fẹ́ sọ: kí eré náà dópin, kí wọ́n kó àwọn àga tó ti ṣẹ́ síbẹ̀. Ìyàwó olóògbé ti kó ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ rẹ̀ lé Erékùṣù lọ́wọ́. “Bá mi dá a padà fún wọn,” ó ní. “N kò lè wo ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀.”

Erékùṣù dé gbọ̀ngàn kí àwọn yòókù tó dé. Ìmọ́lẹ̀ ń rọra yọ̀ kiri lórí tábìlì, eruku ń fò nínú rẹ̀ bí ẹni tí kò kánjú. Àwọn káàdì ṣì wà níbi tí àwọn ọmọ fi wọ́n sí. Ó rìn láàárín yìnyín àti aṣálẹ̀, ó gba etí odò, ó jókòó síbi tó jókòó sí nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì ṣí ìwé. Ó fẹ́ ka ọ̀rọ̀ ejò kó lè rẹ́rìn-ín. Ìsàlẹ̀ ojú ìwé lojú rẹ̀ lọ. “Aṣojú erékùṣù ṣì wà lórí ìwé.” Ó ṣí ojú ìwé kejì, ó tún bá a níbẹ̀. Ó ṣí àárín, ó ṣí ìparí. Ọdún mọ́kàndínlógún, gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí Ọlọ́run dá, Alága kì í gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tó kọ kẹ́yìn láyé rẹ̀ nìyẹn, ṣáájú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn. Erékùṣù sunkún débi tí káàdì erékùṣù tó wà níwájú rẹ̀ fi tutù.

Àwọn olùkọ́ dé, wọ́n jókòó. Baba Ọlọ́gbà wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó pè é. Àwọn ọmọ kún ojú fèrèsé. Màdáámù dúpẹ́ lórí ìgbé ayé olóògbé, ó dúpẹ́ dáadáa, kò fi ahun sí i. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ jẹ́ ká gbà pé eré náà parí síbí. Ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀?”

Erékùṣù rí i tí ọwọ́ ara rẹ̀ ń gòkè, káàdì tútù wà nínú rẹ̀. Ó dìde. Gbogbo ojú yí sí i, ọ̀rọ̀ sì tún ń fò lọ bíi ti ìgbà ọmọdé.

“Mo…” ó ní. “Mo fẹ́…”

Baba Ọlọ́gbà dìde lẹ́nu ọ̀nà, ó ká fìlà mọ́ àyà. “Ẹ má bínú,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ ìlànà ni. A kì í sọ pé ‘mo’ níbí.”

Ẹ̀rín bú sẹ́yìn fèrèsé, ó wọlé, ó mú àwọn olùkọ́. Màdáámù fi ìwé bo ẹnu. Erékùṣù pàápàá rẹ́rìn-ín, ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i lẹ́nu.

“Aṣojú erékùṣù tọrọ àforíjì,” ó ní. “Aṣojú yìí ti pẹ́ lórí ìwé. Màdáámù, àbá ìparí lẹ dá. Àmọ́ Alága ò parí ìpàdé, ó ní ká sinmi ni, àwọn ọmọ sì ń retí. Aṣojú yìí dá àbá pé ká sinmi títí di ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, ká sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Aṣojú yìí á lu òòlù, bí ẹ bá gbà. Nínú ìlànà, àbá ìsinmi ló ń ṣáájú.”

Màdáámù wo ẹnu ọ̀nà tó fà sẹ́yìn dé nígbà kan. “Ṣé a rí ẹni tì í lẹ́yìn?” ó bèèrè, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀.

Àwọn fèrèsé hó yè.

“Ariwo kì í ṣe ìbò,” ni Màdáámù wí. “Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ na ọwọ́ sókè, kí n kà á.”

Ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí Erékùṣù jókòó, tó fa ìwé àkọsílẹ̀ mọ́ra. Ó kọ ọ́ pé aṣojú erékùṣù ti sọ̀rọ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ó kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ṣe wí, pé Alága kò sí níjókòó. Ó wo ọ̀rọ̀ náà, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi kún un pé: “Ìsinmi ló lọ.”