Ìdúpẹ́ Tí Ìyá Jídé Bá Wa Jó

Àbíkẹ́yìn mi ti Ifẹ̀ bọ̀ lánàá, ó ra dòdò Ìkirè bọ̀ fún mi. Kó tó tú ọ̀rá rẹ̀ tán, ìtasánsán ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá ààlà, epo pupa àti ata ti gba ilé kan. Ọkàn mi ti dé Àpòmù, nídìí ààrò tí ìyá Jídé ti máa ń dín irú dòdò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, Jídé ni ọ̀rẹ́ mi nígbà ìjọba ológun. A jọ wà ní praimárì karùn-ún, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan náà là ń lọ. Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní ìṣirò, òfin wọn sì ni pé ẹni tó bá kọ ìdáhùn láìfi bó ṣe rí i hàn, òdo ni yóò gbà. Èmi wá gbé òfin ọ̀hún lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Mo bi tíṣà wa pé níbo ni ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kìíní ti wá, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ kẹrin ni Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ dá oòrùn. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Jídé fi mí rẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá ní kí òun náà wá kúnlẹ̀ tì mí.

Ọdún yẹn ni àrùn onígbáméjì wọ àdúgbò wa. Ọjọ́ kan náà ló mú èmi àti Jídé. Wọ́n gbé wa lọ sí ọsibítù ní Ìkirè, ibùsùn wa fara kan ara wọn, omi kan náà ni wọ́n fà sí wa lára. Ìjọ gbààwẹ̀, wọ́n da orúkọ wa pọ̀ nínú àdúrà. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ní ebi ń pa mí. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni Jídé kú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn òbí mi ṣe ìdúpẹ́. Bí a ṣe ń jó lọ síwájú pẹpẹ, mo rí ìyá Jídé. Aṣọ ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n dìde, wọ́n bọ́ sáàárín wa, wọ́n ń jó. Ìjọ bú sẹ́kún. Àlùfáà ní ẹ wo ohun tó ń jẹ́ ìgbàgbọ́.

Mo dàgbà, ìbéèrè kan ò fi mí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ àdúrà ló wò mí sàn, kí ló kù díẹ̀ káàtó nínú ti Jídé? Bó bá sì jẹ́ omi ọsibítù ni, kí là ń dúpẹ́ lé lórí? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, kò já síbì kan. Ijó ìyá Jídé nìkan ló dì mí mú. Mo gbà pé ẹni tó sin ọmọ tó tún lè jó, ó ti rí ohun tí ìṣirò mi ò lè rí.

Nígbà tí wọ́n darúgbó, mo lọ kí wọn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní:

"Kí ni mo fẹ́ rí? Bí mi ò bá jó, ṣé wọn ò ní sọ pé mo fẹ́ kí ìwọ náà kú ni? Ṣé wọn ò ní pè mí lájẹ̀ẹ́?"

Wọ́n wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ayé ti yí. Omi ẹ̀rọ ti wà níbi kànga tí èmi àti Jídé ti mu omi, onígbáméjì ò sì fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bani mọ́. Ìdúpẹ́ ni ò yí padà. Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè gbé ẹjọ́ mi lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹlẹ́mìí ọpẹ́ jáde, èmi náà á dìde, màá jó, torí ojú àwọn èèyàn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń wò mí níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ijó mi ṣe ẹ̀rí. Mi ò rí nǹkan kan.