Mo Gba Ọmọbìnrin Rẹ̀ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, gbogbo ọmọbìnrin Kambolé, abúlé wa, ló fẹ́ di olùkọ́. Obìnrin kan ń kọ́ wa nílé ìwé, tó máa ń gun alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gba ọjà kọjá, táwọn àgbà ọkùnrin á sì yà fún un. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe kàwé débi tí mo fi wọ kọlẹ́ẹ̀jì, ilé ìwé girama, ní Tchamba. Bàbá mi ti kú. Àbúrò rẹ̀ ló ń tọ́ wa.

Àfi bí rédíò ṣe sọ pé ìjọba ò gba òṣìṣẹ́ mọ́. Àwọn tó ti gba bakalọ́rẹ́à, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, padà wálé wá ń kọ ebè iṣu. Àbúrò bàbá mi bá pè mí síta lọ́jọ́ Jímọ̀, níṣojú àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́sálásí.

"Ìwé ti kú," ló wí. "Bí ọkùnrin tó kàwé bá ń kọ ebè, kí ni obìnrin fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe? Ìwé obìnrin, àtíkè lásán ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí n ṣáà ṣe BEPC, ìdánwò àṣeparí kọlẹ́ẹ̀jì, lọ́dún yẹn. Ó kọjá lára mi, ó wọlé lọ. Ọmọkùnrin rẹ̀, tó jẹ́ pé èmi ni mo ń bá a ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀, ń lọ sílé ìwé ní tirẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé ọkùnrin yìí máa kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Wọ́n mú mi lọ sí àdúgbò Kouloundè, ní Sokodé, sọ́dọ̀ Alàájà kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, tó ń ta aṣọ. Mo ń bá a tajà lọ́sàn-án, ó sì ń jẹ́ kí n lọ kàwé nírọ̀lẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kàwé kí wọ́n lè yege. Ìbínú ni èmi fi ń kà á. Mo yege.

Nígbà tó yá, àwọn kan tó ń bá àwọn obìnrin àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣí bírò sí Sokodé. Ọmọbìnrin tó kàwé, tó gbọ́ Faransé, Yorùbá àti Tem, èdè àwọn ará Sokodé, ni wọ́n ń wá. Wọ́n gbà mí. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi kan abúlé. Àwọn ọmọbìnrin tó ti ń kọ́ irun dídì padà sílé ìwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò bàbá mi wọlé sí bírò, ó di fìlà mú lọ́wọ́. Ọmọkùnrin rẹ̀ ti fi ilé ìwé sílẹ̀.

"Bá mi wá iṣẹ́ fún àbúrò rẹ."

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fún un lómi. "Bàbá, ọmọbìnrin tó kàwé ni wọ́n ń wá. Ẹ ní ọmọbìnrin kan nílé, ẹ jẹ́ kó wá kàwé lọ́dọ̀ mi."

"Mo ti ṣèlérí rẹ̀ fún ọkọ ní Koussountou."

"Ẹ lọ gbà á padà." Mo gbóhùn sókè káwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lè gbọ́. "Ìwé obìnrin ńkọ́? Kí lẹ sọ pé ó jẹ́?"

Ó wolẹ̀. "Ó wúlò."

"Mi ò gbọ́ o, Bàbá."

Ó tún un sọ.

Ó lọ gbà á padà lóòótọ́. Àwọn àna bú u lọ́jà Koussountou, níṣojú gbogbo ayé. Nígbà tí mo gbọ́, oúnjẹ dùn lẹ́nu mi.

Ọmọ náà wá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Orí rẹ̀ pé. Ó gba BEPC, ó gba bakalọ́rẹ́à, ó di agbẹ̀bí. Ní gbogbo ìgbà yẹn ni mo ń sọ fún un ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe sí mi, kó lè kórìíra rẹ̀ bíi tèmi. Nígbà tó ríṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tó rà ni bùbá funfun àti bùtà àlùwàlá tuntun, fún bàbá rẹ̀. Ó ní ká jọ lọ sí Kambolé.

"Ẹni tó fẹ́ fi ọ́ fọ́kọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá mi ṣì ni."

Mi ò lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ rẹ̀ fi gbéra, inú ń bí mi sí àwọn méjèèjì.