Ọjọ́ Tí Fíìmù Sọ Ìyá Àgbà Mi Di Àjẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi méjèèjì ti ká, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni mo ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni Ìyá Àgbà ń sè tà. Èmi ni mo ń fọ ewé, tí mo ń nù ún, tí mo ń tò ó sínú agbọ̀n. Bí mo bá fa ọ̀kan ya, Ìyá Àgbà á fa etí mi náà. Bí òórùn epo àti edé bá ti gba àdúgbò, àwọn ọmọ iléèwé á tò síwájú ilé wa pẹ̀lú abọ́.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ mọ bí fíìmù ṣe rí nígbà náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a ti jẹ iyán, ilé Bàbá Tíṣà là ń gbà lọ. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun nìkan ló sì ní fídíò ládùúgbò wa. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, ṣùgbọ́n a ti ń dá obìnrin burúkú mọ̀ kó tó la ẹnu. Bí kámẹ́rà bá ti bẹ̀rẹ̀ láti orí bàtà gogoro, tó ń rọra gòkè títí dé ètè pupa, a ó pariwo pé, "Ó dé!" Ìyàwó rere ní tirẹ̀ á ró ìró, á máa sunkún, fèrè á sì máa bá a sunkún. Ìyá arúgbó tí orí rẹ̀ funfun, àjẹ́ ni.

Lọ́dún kan, àwọn tó ń ya fíìmù wá sí àdúgbò wa. Ilé wa wù wọ́n nítorí pé ilé amọ̀ àtijọ́ ni. Ọ̀gá wọn dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, ó ní, "Màmá, ẹ kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bí ìyàwó bá ń kọjá, ẹ bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí ẹ rẹ́rìn-ín."

Inú Ìyá Àgbà dùn. Ó sáré mú aṣọ òkè rẹ̀ jáde, wọ́n ní rárá. Wọ́n tú gèlè orí rẹ̀, wọ́n fún un ní aṣọ dúdú. Ẹni tó gbé kámẹ́rà dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, ilé Bàbá Tíṣà kún fọ́fọ́. Ẹsẹ̀ ń dun Ìyá Àgbà, kò bá wa lọ. Bí ojú rẹ̀ ṣe yọ nínú tẹlifíṣọ̀n, ó ga bí òkè. Òwìwí ké. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ààrá là ń gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹlòmíràn ló jáde. Lẹ́yìn èyí ni oyún ìyàwó bàjẹ́. Ọmọ kan lẹ́yìn mi bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ kejì, ọ̀lẹ̀lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kù sínú ìkòkò. Àwọn ìyá á fa ọmọ wọn lọ́wọ́ kọjá. Kí n má purọ́, ẹ̀rù ba èmi náà. Mo ká ẹní mi kúrò ní yàrá Ìyá Àgbà, mo gbé e lọ sí pálọ̀, mo ní ooru ń mú mi. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, ètè gbogbo wa ti là. Ìyá Àgbà wò mí.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ fíìmù náà ti dé etí rẹ̀, kò bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó di ilé Bàbá Tíṣà. Àwọn ọmọ sún kúrò lọ́nà bí a ṣe wọlé.

"Tíṣà, ẹ fi fíìmù tèmi síbẹ̀."

Bàbá Tíṣà ní, "Màmá, kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹ wò."

"Ẹ fi síbẹ̀. Bó bá ti kàn mí, ẹ pa ohùn rẹ̀."

Bàbá ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹnu tó wà nínú rẹ̀ ṣe ń mì, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń tún ohun tó sọ lọ́jọ́ tí wọ́n ya fíìmù náà sọ: "Ìyàwó mi, káàbọ̀. Ulé ọkọ á tù ọ́. Wàá bí ọkùnrin, wàá bí obìnrin. O ò ní fọwọ́ osùn nu ògiri."

Ó bá ẹnu náà mu, kò yẹ̀ níbì kankan. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fi ikọ́ parí. Ìyá ọmọ tó sunkún lọ́jọ́sí kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú." Ìyá Àgbà ní kó dìde.

Kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló padà. Ilé méjì wà tí wọn ò ra ọ̀lẹ̀lẹ̀ rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ní tèmi, mo gbé ẹní mi padà lọ́jọ́ náà gan-an. Ó sún fún mi.

Lóde òní, inú fóònù làwọn ọmọ ti ń wo fíìmù. Obìnrin ti ń ṣe lọ́yà àti gómìnà nínú rẹ̀, ẹni tó wọ ṣòkòtò kì í ṣe ọ̀tá ilé mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣì ń fún ìyá arúgbó. Lọ́dún tó kọjá, àkọ́bí mi obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù, ní kí n wá ṣe ìyá ọkọ nínú èyí tó ń yà. Mo bi í léèrè aṣọ tí màá wọ̀, ibi tí kámẹ́rà máa dúró sí, àti ohun tí àwọn èèyàn máa gbọ́ nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, àwọn òṣèré gan-an kì í béèrè tó báyìí."

Mo ní kó dáhùn ná. Ó fa àga, ó jókòó tì mí, ó sì dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó jókòó bẹ́ẹ̀ ti Ìyá Àgbà lọ́jọ́ tí wọ́n wá ya tirẹ̀.