Ara Ọmọ Ńkọ́?

Iṣẹ́ fóònù ni mo ń ṣe ní Yábàá. Bí àìsàn ọmọ kan bá kọ̀ tí kò lọ, àwọn òbí rẹ̀ á pè wá, èmi ni n ó sì bá wọn wá ibi tí wọ́n ti lè rí ìrànlọ́wọ́. N kì í fojú rí wọn. Àwọn àgbà sì ti ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ìyá kan wà ní Mushin, ìyàwó káfíńtà. Wárápá ń ṣe ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ò fẹ́ kí ará ilé gbọ́ sí i, nítorí náà, ilé ìwẹ̀ ló máa ń wọ̀ lọ kó tó pè mí. Mo bá a wá dókítà ní Ìdí-Àràbà, wọ́n ní ká máa retí àyè.

Lọ́jọ́ Ajé kan, àyè kan ṣoṣo yọ fún ọjọ́ kejì. Ọmọ méjì ló wà nínú ìwé mi: tirẹ̀, àti ọmọkùnrin kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ẹni tí tirẹ̀ bá le jù ni kó lọ. Mo pe ìyá ti Ìjẹ̀ṣà, ó pariwo, ó bú mi, ó ní ṣé ó dìgbà tí ọmọ òun bá kú tán. Mo wá pe ti Mushin.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ara ọmọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, Àǹtí. Ó ń gbìyànjú."

Mo gbọ́ ohùn ìyá àgbà kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ ọ o! Ṣùgbọ́n ebi ń pa mí, orí ń fọ́ mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ọmọ ti ń yá. Èmi tí ìyá mi, tíṣà ní Sùúrùlérè, fi pàṣán kọ́ pé bí wọ́n bá béèrè àlàáfíà, "a dúpẹ́" ni ìdáhùn, ì báà jẹ́ pé ilé ń jó. Mo fún ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní àyè náà. Mo ní kí ti Mushin dúró di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta. Mo tiẹ̀ sọ fún ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ẹní bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ó ku ọjọ́ méjì kí Ọjọ́rú náà pé, ìyá ti Mushin fúnra rẹ̀ pè. Mo tún béèrè ara ọmọ.

"A dúpẹ́, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, àyè Ọjọ́rú yẹn, ẹ bá mi fún ọmọ ẹlòmíì."

Inú bí mi. "Kí ló dé? Ṣé ìyá ọkọ yín ló ní kẹ́ ẹ má lọ?"

"Rárá o. Àná la sin ín. Wárápá gbé e nídìí ọpọ́n tí mo rẹ aṣọ sí, ó dojú bọ inú omi. Mi ò kàn fẹ́ kí àyè yẹn ṣòfò ni."

Èmi ni mo bú sẹ́kún. Òun ló ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Ẹ pẹ̀lẹ́."